Ta ni a ó bi léèrè ọmọ náà? Ìtàn kékeré nípa ìtọ́jú ọmọ ilé-ìwé Ìjọ Àgùdà ní Òkè-Ògùn

Nínú àwọn ìwé kékeré tí Ẹgbẹ́ wa ti ń tẹ̀ jáde, ìtàn àwọn ọba, ìtàn ogun, àti bí Ìhìnrere ti ṣe wọ àwọn ìlú wa ni ó pọ̀ jù. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí kò mọ ìtàn ogun Ìjàyè kò lè mọ ìdí tí àwọn ìlú wa fi tò bí wọ́n ti tò lónìí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a ti fi sílẹ̀ bí ohun tí kò tó nǹkan, èyí ni ìtàn ọmọdé tí òbí rẹ̀ fà lọ́wọ́ ní òwúrọ̀, tí ó fi lé olùkọ́ lọ́wọ́, tí òun fúnra rẹ̀ sì kọjá sí oko. Láti ìgbà náà títí oòrùn fi yẹ àtàrí, ta ni ó ni ọmọ náà? Bí ebi bá pa á, bí ibà bá mú un, bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá lù ú, bí kò bá tilẹ̀ dé ilé-ìwé rárá, ta ni a ó bi léèrè rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ tọ̀ lẹ́yìn, a ó sì bá a gba ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti Ìjọ Kátólíìkì, tí àwọn baba wa ń pè ní Ìjọ Àgùdà, ní ìhà Òkè-Ògùn.

Àwọn kan nínú àwọn òǹkàwé wa yóò wí pé, kí ni ó kan àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà nínú ilé-ìwé àwọn Fadá? Èsì wa kò gùn. Ẹni tí ń kọ ìtàn ilé ara rẹ̀ a máa tètè fi ẹní bo ibi tí ògiri ti sán. Ti ilé aládùúgbò ni ojú ń rí kedere. Pẹ̀lú èyí, ní Òkè-Ògùn, lẹ́yìn àwa àti àwọn Onítẹ̀bọmi ni àwọn Àgùdà fi ìdí múlẹ̀, wọn kò sì pọ̀ níye tó wa. Nítorí náà a lè rí iṣẹ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí ó dúró lórí ebè tí ó ń wo oko kékeré. Ọ̀rọ̀ yóò sì kan tiwa náà kí a tó parí.

Òkè-Ògùn ni ilẹ̀ tí ó wà ní òdìkejì odò Ògùn bí ènìyàn bá ti Ọ̀yọ́ tàbí Ìbàdàn wá. Ọ̀dàn ni, kì í ṣe igbó. Koríko, igi òrí àti igi irúgbá ni ó bo ilẹ̀ náà, àpáta ńláńlá sì yọrí láàrin rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí i ní Ṣakí àti ní Ìgbẹ́tì. Ìsẹ́yìn, ìlú àwọn ahunṣọ, ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ṣakí ni ìlú ńlá ìhà òkè, kò sì jìnnà sí ààlà ilẹ̀ Dahomey, tí ó di Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 1975. Iṣu, ọkà bàbà, àgbàdo àti tábà ni iṣẹ́ oko wọn. Wọn kò ní kòkó tí ń mú owó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà gẹ́gẹ́ bí ó ti rí fún àwọn ará Ìbàdàn àti Oǹdó, nítorí náà owó ilé-ìwé a máa nira fún wọn. Ẹ̀ẹ̀rùn gùn níbẹ̀, omi a sì wọ́n. Kí òǹkàwé fi ọ̀rọ̀ omi yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Kí ilé-ìwé tó dé, kò sí ọmọ tí kò ní ẹni tí a ń bi léèrè rẹ̀. Àwọn àgbà ní, ojú méjì ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó. Ní Ìsẹ́yìn, ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ òfì a bẹ̀rẹ̀ láti ibi òwú kíká. Nínú agbo ilé baba rẹ̀ ni ó ti ń kọ́ ọ. Bí kò bá sì yọjú ní òwúrọ̀ kan, kò ní pẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ tó dá iṣẹ́ dúró kí ó pe orúkọ rẹ̀ sókè, ẹnìkan nínú ilé yóò sì dáhùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọmọ kéwú ní Àfáà tí ó mọ ìyá rẹ̀. A kò wí pé gbogbo igba ojú wọ̀nyí ni ó jẹ́ ojú àánú. A mọ̀ nípa ọmọ tí baba rẹ̀ fi ṣe ìwọ̀fà, tí ó ń ro oko olówó títí gbèsè tí kò jẹ fi tán. Ẹni tí ó bá ń yin ayé àtijọ́ láìrántí ìwọ̀fà, kò tíì ka ìtàn. Ṣùgbọ́n olówó pàápàá mọ̀ pé àwọn ará ilé ọmọ náà wà, àti pé wọn yóò wá béèrè. Ilé-ìwé ni ó kọ́kọ́ kó ogójì ọmọ jọ láti inú ogún agbo ilé, tí ó fi wọ́n sí abẹ́ ojú ẹnìkan ṣoṣo, tí ẹni náà sì jẹ́ àlejò ní ìlú.

Àwọn òjíṣẹ́ Ìhìnrere ìgbàanì mọ èyí, bí wọn kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Nítorí náà kì í ṣe ilé-ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀, ilé ni. Láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ti oko ẹrú Brazil padà bọ̀ ni orúkọ náà, Àgùdà, ti wá. Kí Fadá kankan tó máa gbé Èkó, ọ̀kan nínú wọn tí a ń pè ní Padre Anthony, bí kò tilẹ̀ jẹ́ àlùfáà, ni ó ń kó wọn jọ fún àdúrà. Bẹ́ẹ̀ ni Fadá Borghero bá wọn nígbà tí ó ti Ouidah wá bẹ Èkó wò ní ọdún 1863. Ọmọ ẹgbẹ́ SMA ni Borghero, ẹgbẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Brésillac dá sílẹ̀ ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1856. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ẹgbẹ́ yìí ti dé Abẹ́òkúta, Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn. Ní Topo lẹ́bàá Badagry, láti ọdún 1876, oko ni wọ́n dá, àwọn ọmọ sì ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń kàwé, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ilẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, Fadá Coquard, tí ó lò ju ogójì ọdún lọ níbẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 1933, mú kí ìwòsàn di ohun tí àwọn Ẹ̀gbá fi ń dá mísọ̀n Àgùdà mọ̀.

Tiwa kò yàtọ̀. Nígbà tí David àti Anna Hinderer dé Ìbàdàn ní ọdún 1853, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì, inú ilé wọn gan-an ni wọ́n gba àwọn ọmọ sí, títí kan àwọn ọmọ ìjòyè. Nígbà ogun Ìjàyè, láti ọdún 1860 lọ, tí ọ̀nà etí òkun dí tí owó kò dé mọ́, wọ́n ń ta ẹrù ilé wọn kí àwọn ọmọ náà tó jẹun. Bí a bá bi ará Ìbàdàn kan ní ọjọ́ wọ̀nyẹn pé ta ni ó ni ọmọ yìí, yóò na ọwọ́ sí Kúdẹtì, ọ̀rọ̀ sì tán. Irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀gún tirẹ̀, nítorí ọmọ tí ó gbé ilé òyìnbó dàgbà a máa di àjèjì nílé baba rẹ̀; ọ̀pọ̀ ìyá ni ó sì sunkún pé a gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè wí pé ọmọ náà kò ní olùtọ́jú.

Àwọn Fadá tí iṣẹ́ Ọ̀yọ́ àti Òkè-Ògùn bọ́ sí lọ́wọ́ láàrin ọdún 1940 sí 1949 kì í ṣe ti SMA mọ́, bí kò ṣe ẹgbẹ́ mìíràn tí aṣọ wọn funfun, tí a sì ń fi aṣọ náà pè wọ́n. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ yìí bá ọ̀rọ̀ wa mu gidigidi. Ní ọdún 1867 ni Charles Lavigerie, tí ó di Kádínà lẹ́yìn náà, dé Algiers ní ìhà àríwá Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí Áṣíbíṣọ́ọ̀bù. Ó bá ìyàn àti àrùn onígbá-méjì níbẹ̀. Àwọn òbí ń kú lójú ọ̀nà, àwọn ọmọ sì ń rìn kiri. Ó kó wọn jọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ó wá ilé fún wọn, ó ń tọrọ owó ní Yúróòpù láti bọ́ wọn. Ní ọdún 1868 ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, títọ́ àwọn ọmọ òrukàn wọ̀nyí sì wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Nígbà tí Póòpù sọ ìhà Ọ̀yọ́ di àgbègbè ọ̀tọ̀ ní ọdún 1949, ọ̀kan nínú wọn, Owen McCoy, ni a fi ṣe olórí rẹ̀. Òun náà ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù nígbà tí àgbègbè náà di dáyósíìsì ní ọdún 1963. Ọmọ ilẹ̀ wa, Julius Adelakun, ni ó jẹ Bíṣọ́ọ̀bù tẹ̀ lé e ní ọdún 1973.

Ṣùgbọ́n Òkè-Ògùn kì í ṣe Algiers. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ní baba, wọ́n ní ìyá, wọ́n sì ní ilé tí wọn yóò sùn. Àwọn Fadá kò pọ̀, ìlú sì jìnnà sí ara wọn. Fadá kan a máa bójú tó ilé-ìwé tí ó wà ní ìlú mẹ́ta, mẹ́rin. Ilé-ìwé ojoojúmọ́ ni ó ṣeé ṣe, kì í ṣe ilé ọmọ òrukàn. Báwo, nígbà náà, ni ẹgbẹ́ tí ó ti inú ìtọ́jú ọmọ òrukàn jáde yóò ṣe máa tọ́jú ọmọ tí ó ń padà sílé lọ́sàn-án? Ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n pín in fún, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe. Olùkọ́ wà, tí ó ń pe orúkọ ní òwúrọ̀. Katikíìsì wà, tí ó jẹ́ ará ìlú tàbí tí ó ti gbé ìlú pẹ́, tí ó ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, tí ó sì mọ agbo ilé kọ̀ọ̀kan. Lókè àwọn méjèèjì ni Fadá fúnra rẹ̀, tí ìjọba mọ̀ sí mánájà ilé-ìwé. Òun ni ó ń gba tíṣà síṣẹ́, òun ni ó ń san owó oṣù fún un láti inú owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba, òun ni ó sì lè gbé e kúrò ní Tedé lọ sí Òtu bí àwọn òbí bá ní ẹ̀sùn tí ó dúró. Òfin Ẹ̀kọ́ ti ọdún 1926, tí ó fi ipá mú kí a forúkọ tíṣà sílẹ̀ kí ó tó lè kọ́ ọmọ, fi kún agbára yìí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mánájà mọ gbogbo ọmọ. Kò mọ̀ wọ́n. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ohun tí a ń wí ni pé ẹnu ọ̀nà kan wà. Ìyá tí wọ́n na ọmọ rẹ̀ kọjá ààlà mọ ilé tí yóò lọ, ó sì mọ̀ pé ẹni tí òun bá níbẹ̀ ní agbára lórí ẹni tí ó na ọmọ náà. Ó lè lọ ní ìrọ̀lẹ́ láìwọ bàtà, kí ó jókòó sórí pèpéle títí Fadá yóò fi jáde.

Ìdí mìíràn wà tí àwọn Fadá fi gbájú mọ́ ilé-ìwé, a kò sì gbọdọ̀ fi í pamọ́. Ní ọdún 1928, Bíṣọ́ọ̀bù Arthur Hinsley, tí Póòpù rán láti bẹ iṣẹ́ Ìjọ wọn wò ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe àkóso, sọ fún àwọn òjíṣẹ́ pé bí agbára wọn kò bá ká ilé ìsìn àti ilé-ìwé papọ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ilé ìsìn dúró, kí wọ́n sì tún ilé-ìwé ṣe. Wọ́n gbọ́ràn. Àwa náà rí wọn, a kò fẹ́ kí wọ́n gba iwájú. Àwọn Onítẹ̀bọmi náà kò sùn. Bẹ́ẹ̀ ni ó di pé ní ìlú kékeré kan tí ọmọ kò pọ̀ níbẹ̀, ilé-ìwé méjì tàbí mẹ́ta yóò kọjú sí ara wọn, tí a óò sì máa ka orí ọmọ bí ẹni ń ka ebè. Ọmọ tí a fi ń díje kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ọmọ tí a ń tọ́jú. A ti gbọ́ bí àwọn àgbàlagbà ṣe ń fi ìdíje náà ṣe ẹ̀rín. Kò pa wá lẹ́rìn-ín rárá.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe, ọ̀kan wà tí ó yẹ kí a dúró lé. Ní ọdún 1910, Póòpù Pius Kẹwàá pàṣẹ pé kí a má ṣe máa dá ọmọ dúró títí di ọdún méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó gba Ara Olúwa. Nígbà tí ó bá ti tó bí ọmọ ọdún méje, tí ó lè mọ rere yàtọ̀ sí búburú, kí a gbà á. Ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ sì ni ó ṣáájú. Kí òǹkàwé ro èyí wò ní ìlú Yorùbá, níbi tí a kì í ti í dá ọmọdé lóhùn níwájú àgbà, tí a máa ń wí pé kí ó lọ ṣeré. Ọmọ ọdún méje kan wọlé tọ àgbàlagbà lọ, òun nìkan, àgbàlagbà náà kò sì ní iṣẹ́ mìíràn ní wákàtí náà ju pé kí ó gbọ́ ọ lọ. A kò gba gbogbo ẹ̀kọ́ Àgùdà lórí ìjẹ́wọ́, àwọn àgbà Ìjọ wa sì ti kọ̀wé lórí rẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n nípa ti ọmọdé, ó dàbí ẹni pé wọ́n rí ohun kan tí àwa, tí ń dúró de ìfọwọ́lélórí Bíṣọ́ọ̀bù kí a tó fi ojú ẹni tí ó ní ọkàn wo ọmọ, kò rí. Nítorí àṣẹ yìí, katikíìsì ní láti kó àwọn ọmọ kéékèèké jọ fún oṣù púpọ̀. Kò sì sí bí yóò ti ṣe kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ tí kò ní mọ èyí tí ebi ń pa, èyí tí ìyá rẹ̀ ti kọ baba rẹ̀ sílẹ̀, àti èyí tí ń bẹ̀rù láti padà sílé.

Nísinsin yìí ni a padà sí ọ̀rọ̀ omi. Ìyọnu tí ó lé ọmọ Òkè-Ògùn kúrò ní ilé-ìwé jù lọ láyé àtijọ́ kì í ṣe ọgbọ́n orí tí kò tó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pàṣán nìkan. Sóbìà wà níbẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò a gbẹ, adágún a sì kù díẹ̀. Inú adágún náà ni gbogbo ènìyàn ti ń pọnmi. Ẹni tí ó bá mu omi náà kò ní mọ nǹkan kan títí di bí ọdún kan. Nígbà náà ni aràn náà yóò lu ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde, gígùn bí okùn, tí a óò máa fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ká a jáde díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ó bá já, ẹsẹ̀ yóò wú. Ọmọ tí ó wà nínú ìyà bẹ́ẹ̀ kò lè rin ibùsọ̀ kan lọ sí ilé-ìwé. Bí kò bá sì ṣe é, tí ó ṣe baba rẹ̀ ní àkókò iṣẹ́ oko, ọmọ náà ni yóò gba ọkọ́ lọ́wọ́ baba. Bí ó ti wù kí ó jẹ́, àyè rẹ̀ ní ilé-ìwé ṣófo.

Níbi yìí ni a ti ń mọ olùkọ́ tòótọ́. Èyí tí ó kàn ń pe orúkọ a fi àmì sí i pé ọmọ kò wá, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Èyí tí ó jẹ́ olùtọ́jú a bọ́ sọ́nà ní ìrọ̀lẹ́, a dé agbo ilé, a jókòó ti ọmọ náà, a sì kọ́ ìyá rẹ̀ pé kí ó fi aṣọ mímọ́ sẹ́ omi kí wọ́n tó mu ún, àti pé kí ẹni tí sóbìà ń ṣe má ṣe ki ẹsẹ̀ bọ adágún, nítorí ibẹ̀ ni aràn náà ti ń tú ọmọ rẹ̀ sí omi tí ẹlòmíràn yóò mu. Nǹkan méjì wọ̀nyí, pẹ̀lú kànga, ni ó ṣẹ́gun rẹ̀ nígbẹ̀yìn, kì í ṣe oògùn. Nígbà tí a kọ́kọ́ ka àwọn tí ó ní i ní gbogbo Nàìjíríà ní ọdún 1988 sí 1989, wọ́n ju 650,000 lọ. Ní ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn, ní ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí pé ó ti kúrò ní ilẹ̀ wa. Àwọn ọmọ ilé-ìwé Ṣakí lónìí kò mọ̀ ọ́n àfi nínú ìtàn àgbà. A fi ọpẹ́ fún Ọlọ́run.

A ti yin ẹnu ọ̀nà mísọ̀n, ó yẹ kí a sọ ewu rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹnu ọ̀nà tí a lè kàn ni a lè tì. Ní ọdún 2009, ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba Ireland gbé kalẹ̀ jíṣẹ́ nípa àwọn ilé-ìwé tí àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Àgùdà ń bójú tó níbẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ aláìní ń gbé. Wọ́n rí i pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi lù wọ́n ní ìlùkulù, tí a sì bà wọ́n jẹ́, tí ìbẹ̀wò ìjọba kò sì tó láti gbà wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe rẹ́rìn-ín aládùúgbò: ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, ìgbìmọ̀ irú rẹ̀ ní England sọ nípa Ìjọ Áńgílíkà fúnra rẹ̀ pé ó dáàbò bo orúkọ ara rẹ̀ ju ọmọ lọ. Ìjọ tí ó bí wa ni èyí. Ìtọ́jú tí ẹnìkan kò lè béèrè nípa rẹ̀ ti di ohun mìíràn, bí ẹni tí ń ṣe é tilẹ̀ wọ aṣọ funfun. Igba ojú ni àwọn baba wa wí. Wọn kò wí ojú kan, ì báà jẹ́ ojú ẹni mímọ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ní ọdún 1954, 456,600 ọmọ ni ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà; ní ọdún 1955 wọ́n di 811,432. Kò sí ohun rere tí ó tó èyí fún Òkè-Ògùn, níbi tí owó ilé-ìwé ti jẹ́ odi ìlú fún ọmọ tálákà, àti fún ọmọbìnrin pàápàá. A kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí ó bá ń bú u. Ṣùgbọ́n tíṣà tí a kọ́ níṣẹ́ kò di ìlọ́po méjì ní ọdún kan. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé ni a fi kún wọn, yàrá kún, tíṣà kò sì lè jókòó ti ọmọ tí ẹsẹ̀ ń dùn mọ́, nítorí ogójì mìíràn ń dúró dè é. Mísọ̀n ṣì ni mánájà, ẹnu ọ̀nà ṣì wà, ṣùgbọ́n ìlà tí ó tò síwájú rẹ̀ ti gùn.

Láàrin ọdún 1975 àti 1976, ìjọba gba àwọn ilé-ìwé lọ́wọ́ gbogbo Ìjọ. Ní ìlà-oòrùn, ohun kan náà ti ṣẹlẹ̀ láti ọdún 1970, lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àlùfáà, tiwọn àti tiwa, sọ pé olè ni. A kò sọ bẹ́ẹ̀. Owó ìjọba ni ó ń san owó oṣù tíṣà tipẹ́, àwọn ọmọ Mùsùlùmí, tí wọ́n pọ̀ jù ní Ìsẹ́yìn, sì ní ẹ̀tọ́ láti kàwé láìyí orúkọ wọn padà di Josẹ́fù. Ohun tí ó dùn wá ni pé a mú mánájà kúrò, a kò sì fi ẹnikẹ́ni tí ìyá ọmọ lè rí lójú dípò rẹ̀. Ọ́fíìsì ni a fi dípò. Ọ́fíìsì wà ní olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀, ó ní tábìlì púpọ̀, ìyá tí ó jókòó síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yóò rí i pé wọ́n ti tì í láti aago mẹ́rin. Orúkọ àwọn ẹni mímọ́ ṣì wà lára ògiri, ṣùgbọ́n katikíìsì kò ní ẹ̀tọ́ láti wọlé mọ́ àfi kí ọ̀gá ilé-ìwé gbà á láyè.

Kí ni Ìjọ ṣe? Wọ́n kọ́ ilé-ìwé tuntun, àwa náà kọ́ tiwa. Nínú àwọn ilé-ìwé tuntun wọ̀nyí àwọn ọmọ a jókòó dáadáa, nọ́ọ̀sì a yẹ̀ wọ́n wò, ọ̀gá a mọ orúkọ ìyá wọn. Gbogbo ohun tí a ń pè ní ìtọ́jú padà wá, ṣùgbọ́n ó padà wá pẹ̀lú owó. Ọmọ àgbẹ̀ Òkè-Ògùn, àti ọmọ àtìpó Tiv tàbí Idoma tí ó wá bá wọn ṣiṣẹ́ oko, tí òun náà sì lè jẹ́ ọmọ Ìjọ Àgùdà láti ilé rẹ̀ wá, ṣì wà ní ilé-ìwé àtijọ́ tí orúkọ ẹni mímọ́ wà lára ògiri rẹ̀. Àwọn tí Lavigerie kó jọ lójú ọ̀nà Algiers kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo fún wa láti kọ, nítorí a wà nínú ìgbìmọ̀ ilé-ìwé irú èyí, àwa náà sì wà lára àwọn tí ó fọwọ́ sí iye owó náà.

Ìbẹ̀rù tuntun sì ti dé bá ọ̀dàn. Ní ọjọ́ 21, oṣù kọkànlá, ọdún 2025, àwọn agbébọn wọ ilé-ìwé Kátólíìkì St Mary's ní Papiri ní ìpínlẹ̀ Niger, wọ́n sì kó àwọn ọmọ tí ó ju 300 lọ pẹ̀lú àwọn olùkọ́ wọn. Àwọn kan sá àsálà, a sì dá àwọn yòókù sílẹ̀ ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ ọ̀dàn kan náà ni ó ti ibẹ̀ wá dé Kìṣí àti Ìgbòho. Lára àwọn ohun tí ó kọ́kọ́ di àríyànjiyàn lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà ni iye àwọn ọmọ tí a kó lọ. Láti inú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àti láti ẹnu àwọn òbí ni a ti ń kà wọ́n, ní orúkọ ní orúkọ.

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ yìí mú wa rántí ohun kan tí ojú wa rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a wà ní ìlú kan ní Òkè-Ògùn láti múra àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ìfọwọ́lélórí. Ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mọ́kànlá, kò wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. A lọ sí ilé-ìwé rẹ̀, a sì bẹ̀bẹ̀ kí a wo ìwé orúkọ. Àmì wà níwájú orúkọ rẹ̀ lójoojúmọ́ pé ó wá, títí kan òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an. A wo inú yàrá, kò sí níbẹ̀. Olùkọ́ náà kì í ṣe ènìyàn búburú. Ọmọ mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni ó ń kọ́.

Bí a ti ń padà lọ, a pàdé katikíìsì Ìjọ Àgùdà, bàbá àgbàlagbà kan tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti gbó. A kí i, a sì bi í léèrè, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjọ rẹ̀. Ó ní, “Àlùfáà, ẹ dúró ná.” Ó fa ìwé kékeré kan yọ nínú àpò agbádá rẹ̀, ìwé ọmọ ilé-ìwé lásán, ó ṣí i. Ó ní ọmọ náà a máa tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá síbi ẹ̀kọ́ òun ní ọjọ́ Sátidé, nítorí náà òun ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn yòókù. Nígbà tí kò yọjú ní Sátidé kan, òun lọ sọ́dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀. Wọ́n ti mú un lọ sí Agége láti máa tọ́jú ọmọ fún obìnrin kan. Àdúgbò náà àti orúkọ obìnrin náà wà nínú ìwé. A ní, “Baba, ta ni ẹ sọ fún?” Ó ní, “Ta ni kí n sọ fún, sà? Mo ń gbé e kiri.”

A tọrọ bírò lọ́wọ́ rẹ̀, a kọ orúkọ àdúgbò náà sílẹ̀, a sì jọ padà sí ilé ìyá-ìyá ọmọ náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, òun lórí kẹ̀kẹ́, àwa ní ẹsẹ̀.